Ọwọ́ Òsì Ni Mo Fi Kí Bàbá Oníkẹ̀kẹ́

Ìyá Nọ́ọ̀sì dáhùn ìbéèrè yín

Láti ìgbà tí mo ti kọ nípa ọgbẹ́ orúnkún lójú ewé yìí, lẹ́tà àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere àti àwọn tó ń gun ọ̀kadà ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń wọlé sí mi. Inú mi dùn sí i. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi gun kẹ̀kẹ́ kiri abúlé ní Òkè-Ògùn, àpótí abẹ́rẹ́ àjẹsára lórí kẹ́ríà lẹ́yìn mi, kí wọ́n tó fún wa ní alùpùpù. Mo sì fi ọdún mọ́kànlá gun ìyẹn náà kí wọ́n tó gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá níbi tí mo ti fẹ̀yìn tì. Mo ti jẹ eruku onímáṣìnì rí, mo sì ti da eruku bo oníkẹ̀kẹ́ rí, nítorí náà ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì yé mi. Lẹ́tà márùn-ún ni mo mú lóṣù yìí. Mo gé àwọn kan kúrú, mo sì fi orúkọ gbogbo wọn pamọ́.

Ìbéèrè: Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 23 ni mí, mo ń gun ọ̀kadà ní Ṣakí. Bàbá àgbàlagbà kan wà ládùúgbò wa tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko láràárọ̀. Nígbàkigbà tí mo bá bá wọn lọ́nà, mo máa ń juwọ́ sí wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n lọ fẹjọ́ mi sun bàbá mi pé ọwọ́ òsì ni mo fi ń kí àwọn. Bàbá mi bínú gidigidi, wọ́n ní mo ti ba orúkọ ilé jẹ́. Ìyá, ọwọ́ ọ̀tún mi ló wà lórí iná, ibi tí a ń yí kí ọ̀kadà lè sáré. Báwo ni kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, má banú jẹ́. O ò ṣe àfojúdi, bàbá náà ò sì parọ́ mọ́ ọ. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wọn pé ọmọ àlè ní í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀, èmi náà sì kọ́ àwọn ọmọ tèmi bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà jí ní kùtù, ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ pẹ́dà lọ sóko, ọmọ tó lè bí lọ́mọ-ọmọ wá sáré kọjá lára rẹ̀, ó ju ọwọ́ òsì sókè. Ó máa dùn ún, kò sí bí kò ṣe ní í dùn ún.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹni tí kò gun alùpùpù rí kò lè mọ̀, ìwọ ló sì yẹ kó fi hàn wọ́n. Ti ọ̀kadà rẹ wọ àgbàlá lálẹ́, nígbà tí bàbá rẹ bá ti jẹun tán. Gbé e dúró lórí sítáńdì, rí i pé kò sí nínú jíà, kí o wá tan án. Ní kí bàbá rẹ fi ọwọ́ ọ̀tún wọn di ibi iná mú, kí wọ́n rọra yí i. Ẹ́ńjìnnì á ké. Kí wọ́n wá jọ̀wọ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ á wálẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Fi bíréèkì iwájú hàn wọ́n, níwájú ìka ọwọ́ ọ̀tún kan náà. Sọ fún wọn pé bí ewúrẹ́ bá já sọ́nà nígbà tí ọwọ́ yẹn wà lókè, bíréèkì ẹsẹ̀ nìkan ló kù fún ọ. Kílọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ òsì ní tirẹ̀, o ò sì nílò ìyẹn àfi tí o bá fẹ́ yí jíà tàbí tí o bá fẹ́ dúró. Òun nìkan ló ń ráyè. Lórí kẹ̀kẹ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ń gbé kẹ̀kẹ́ lọ, èyí tó bá wu oníkẹ̀kẹ́ nínú ọwọ́ rẹ̀ ló lè gbé sókè díẹ̀ tí ìrìn rẹ̀ kò ní yí padà. Bàbá rò pé bí tàwọn ṣe rí ni tìrẹ náà rí.

Ẹ̀yìn ìyẹn, kí o yé juwọ́. Ọwọ́ ọ̀tún léwu, ọwọ́ òsì ń dun àgbà. Orí ni kí o fi kí wọn. Nígbà tí mo ń gun alùpùpù, mi ò lè kúnlẹ̀ lórí rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kọjá lára àgbà bí ẹni tí kò rí wọn. Bí mo bá ti rí ẹni náà níwájú, n ó dín iná kù nígbà tó bá ku bí òpó iná méjì láàárín wa, n ó sì fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan péré, kúkúrú. Láti òkèèrè ni kí o ti fọn ọ́n o. Mo mọ ìyá kan ní Àgọ́-Àrẹ tó ṣubú sí kòtò nítorí fèrè tí wọ́n fọn sí i létí, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án rárá. Tí mo bá wá dé ẹ̀gbẹ́ wọn, n ó tẹrí ba dáadáa kí akoto tẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, n ó sì sọ ọ́ sókè ju ohùn ẹ́ńjìnnì lọ: “Ẹ kú ọ̀nà o!” Tó bá jẹ́ akoto tó ní gíláàsì lójú ni tìrẹ, ṣí gíláàsì náà kí o tó dé ọ̀dọ̀ wọn, kí wọ́n rí ojú ẹni tó ń kí wọn. Kí o sì máa lọ. Má bá wọn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí o máa béèrè ará ilé. Bí oníkẹ̀kẹ́ bá yíjú láti dá ọ lóhùn, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á tẹ̀lé ojú rẹ̀.

Àwọn mìíràn tún ti bi mí pé ta ló yẹ kó kọ́kọ́ kí ẹnì kejì lójú ọ̀nà. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá bá ẹni iwájú lọ́nà ni, nítorí òun ló ń rí ẹni tó wà níwájú, ẹni iwájú kò rí i. Bí o kò bá sì mọ iye ọdún ẹni tó wà lábẹ́ akoto, “Ẹ kú ọ̀nà” ni kí o sọ, má sọ “O kú ọ̀nà.” Ẹni tí o rò pé ọmọdé ni lè jẹ́ ìyá ẹnìkan.

Lọ́jọ́ Sátidé, fi ọ̀kadà sílé. Fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá bàbá náà, dọ̀bálẹ̀, kí o ṣàlàyé. Bí wọ́n bá fẹ́, kí àwọn náà wá di ibi iná mú. Mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe lọ, jọ̀wọ́ kọ̀wé sí mi.

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Ìbàdàn, mo máa ń gun kẹ̀kẹ́ láti Bódìjà lọ sí Yunifásítì. Kò sọ́jọ́ tí àwọn ọlọ́kadà ò ní pè mí: “Àǹtí, ẹ jẹ́ ká gbé yín!” “Ẹ kú eré ìdárayá o!” Ẹnìkan tiẹ̀ tẹ̀ lé mi lọ́jọ́ kan títí mo fi yà. Ṣé kí n máa dáhùn ni àbí kí n kọtí dídi?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ohun mẹ́ta lo kà sílẹ̀ yẹn, wọn ò sì rí bákan náà. Ẹni tó ní kí o jẹ́ kí òun gbé ọ, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, èrò ló ń wá. “Ẹ ṣé o, mo ti rí tèmi gùn” ti tó. Ẹni tó ní ẹ kú eré ìdárayá ti kí ọ, dá a lóhùn: “Ẹ ṣé o, ẹ kú iṣẹ́.” Ẹni tó ń tẹ̀ lé ọ, má dá a lóhùn rárá, má sì sáré, nítorí o ò lè sáré ju ẹ́ńjìnnì lọ. Yà sí ilé epo tàbí iwájú ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn wà, sọ̀ kalẹ̀, dúró síbẹ̀ títí ó fi máa lọ. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkíni mọ́.

Mo sì fẹ́ kí o ṣe ohun kan tó lè dà bí ẹni pé ó le. Ibi tí àwọn ọlọ́kadà máa ń tò sí lójú ọ̀nà rẹ, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ kí wọn láàárọ̀ ọ̀la. “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú iṣẹ́.” Lójoojúmọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n á ti mọ̀ ọ́, ariwo yẹn á dín kù. Bí ohunkóhun bá ṣe ọ́ lójú ọ̀nà yẹn, àwọn ló máa kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ní ọdún mọ́kànlá tí mo gun alùpùpù, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣubú, kò sì sí èyí tí ẹni tó ń wa mọ́tò dúró fún mi nínú méjèèjì. Onímáṣìnì ló gbé mi nígbà kìíní, oníkẹ̀kẹ́ ló sáré lọ pe èèyàn nígbà kejì.

Ìbéèrè: Ìyá, ọlọ́kadà ni mí ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Ẹ mọ̀ pé òkè ló yí wa ká. Tí mo bá rí ọmọ ilé ìwé tó ń fi kẹ̀kẹ́ gòkè, àánú wọn máa ń ṣe mí. Mo máa ń fi ẹsẹ̀ ti kẹ́ríà wọn láti ẹ̀yìn, tàbí kí n ju okùn sí wọn kí wọ́n dì í mú. Inú wọn máa ń dùn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọjọ́ kan ni n ó pa ọmọ ọlọ́mọ. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, mo sì bẹ̀ ọ́ kí o dáwọ́ rẹ̀ dúró lónìí. Mo mọ̀ pé àánú ló ń ṣe ọ́. Ẹni tó fa ọmọkùnrin kan tí wọ́n gbé wá bá mi lọ́dún náà lọ́hùn-ún, àánú ló ṣe òun náà, ó ń sunkún ju ọmọ náà lọ. Òkúta wẹ́wẹ́ mọ́kànlá ni mo fi ẹ̀mú kékeré yọ lórúnkún ọmọ yẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń tò wọ́n sínú àwo irin, bí ọ̀kan bá sì ti dún nínú àwo ni ó ń fò.

Okùn ló burú jù. Ọmọ tó fi ọwọ́ kan di okùn mú, ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù fún un lórí kẹ̀kẹ́. Bí okùn bá ti ń fa apá yẹn, ara rẹ̀ á máa yí lọ síbẹ̀, táyà iwájú á sì yí pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ bá kan kòtò, ìwọ á fò ó kọjá, òun á wọ inú rẹ̀. Àwọn ọmọ tún máa ń wé okùn mọ́ ọwọ́ kó má bàa bọ́, nítorí náà kò ní lè tètè jù ú sílẹ̀. Ti ẹsẹ̀ náà kò dára. Eré tí ọmọ náà ò yàn fúnra rẹ̀ lo ń sá fún un, bó bá sì di bíréèkì mú lójijì, ìwọ lo máa gùn ún mọ́lẹ̀.

Ẹrù rẹ̀ ni kí o gbà. Dúró, ní kó sọ̀ kalẹ̀, gba àpò ìwé tàbí kẹ́ẹ̀gì omi tàbí iṣu tó dì sẹ́yìn, gbé e lọ sókè pátápátá, kí o fi lé oníṣọ́ọ̀bù tí ẹ jọ mọ̀ lọ́wọ́. Kẹ̀kẹ́ tí kò lẹ́rù, ọmọdé á tì í gòkè láìmí gúlegúle. Bó bá sì ti ń bọ̀ wá gba ẹrù rẹ̀, tẹ́ bíréèkì rẹ̀ wò fún un. Wo rọ́bà méjèèjì tó ń fún rímù, bóyá wọ́n ti jẹ tán. Nígbà tí wọ́n bá ń gòkè, ó kàn ń rẹ̀ wọ́n ni. Ìgbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ lápá kejì ni mo máa ń rí wọn ní ilé ìwòsàn.

Ìbéèrè: Ẹni ọdún 76 ni mí ní Ìkirè. Mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ọlọ́kadà wọ̀nyí ń gba ọ̀tún mi kọjá, láàárín èmi àti koríko, wọ́n á tún ní èmi ni mo dínà. Ṣé òfin tún ti yí padà ni?

Ìdáhùn: Bàbá, mo kúnlẹ̀ kí yín. Òfin kò tíì yí padà láti ìgbà tí ẹ̀yin náà fojú rí i, ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, nígbà tí gbogbo Nàìjíríà kúrò lápá òsì ọ̀nà bọ́ sápá ọ̀tún. Ọmọdé ni mí nígbà yẹn. Bàbá mi so àkísà pupa mọ́ ọwọ́ ọ̀tún kẹ̀kẹ́ wọn fún oṣù kan gbáko, kí wọ́n má bàa gbàgbé ibi tí wọ́n máa fàra mọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ yà yín sílẹ̀, òsì yín ló gbọ́dọ̀ gbà. Àwọn ọmọ náà ló jẹ̀bi.

Ẹ jọ̀wọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ohun kan. Ṣé etí ọ̀dà ti jẹ lójú ọ̀nà yín? Bó bá ti jẹ, mo mọ̀ pé ẹ ò lè rìn níbẹ̀, ẹ máa bọ́ sí àárín díẹ̀ ni, àlàfo á wá ṣí sílẹ̀ lọ́tùn-ún, àwọn ọmọ á rò pé ọ̀nà ni ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Kí ẹ tó kúrò létí ọ̀nà, ẹ kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn, ẹ na ọwọ́ òsì gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n rí i. Ibi tí ọwọ́ òsì ti wúlò nìyẹn. Ẹ sì ní kí wọ́n bá yín kan gíláàsì pupa tó ń dán mọ́ mọ́dígáàdì ẹ̀yìn. Ẹ̀yin ọlọ́kadà tó ń ka èyí, tó bá ti di àṣálẹ́ tí ẹ pàdé oníkẹ̀kẹ́, ẹ rẹ iná iwájú yín wálẹ̀. Bí iná bá ti gún un lójú, kò ní rí kòtò tó wà lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀.

Ìbéèrè: Ìyá Nọ́ọ̀sì, ọlọ́kadà ni mí tẹ́lẹ̀ ní Súrùlérè. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lé wa kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2022, mo ta ọ̀kadà mi, mo kó lọ sí Ọ̀tà. Kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn lọ síbi iṣẹ́ báyìí. Lóṣù tó kọjá, ṣéènì mi já nínú òjò. Ọlọ́kadà kan dúró, ó bá mi so ó, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gírísì. Mo fún un lówó, ó kọ̀. Ìyá, nínú gbogbo ọdún tí mo fi gun ọ̀kadà, mi ò dúró fún oníkẹ̀kẹ́ rí. Ó ń dùn mí. Báwo ni mo ṣe lè san án?

Ìdáhùn: Mo ka lẹ́tà rẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Mi ò ní sọ fún ọ pé kó má dùn ọ́. Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà.

Ìgbà ọyẹ́ ọdún 1988 ni. Mo kúrò ní Ìgbòho, mò ń lọ sí abúlé kan lọ́nà Kíṣì, àwọn ìyá ọlọ́mọ ti pé jọ, wọ́n ń retí mi. Àjẹsára tó wà nínú àpótí mi kò gbọ́dọ̀ gbóná ju 8 lọ lórí tẹmómítà, kò sì gbọ́dọ̀ tutù ju 2 lọ. Yìnyín tí mo tò yí i ká ló ń ṣọ́ ọ, oòrùn sì ti mú. Táyà ẹ̀yìn rọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fẹ́ ẹ, ó tún rọ̀. Mo tún fẹ́ ẹ, kò gbà.

Ọkùnrin kan tó gun alùpùpù dúró. Ó gbé páǹpù rẹ̀ jáde, kò bá ẹnu fáàfù mi mu. Fáàfù alùpùpù bá ti mọ́tò dọ́gba. Ti kẹ̀kẹ́ wa ìgbà náà yàtọ̀, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí ìfun adìẹ ni wọ́n ń wọ̀ sí i nínú, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé kó má lè jáde. Rọ́bà yẹn ló ti ya. Ó wo àpótí náà, ó bi mí pé kí ló wà níbẹ̀. Mo sọ fún un. Ó ní kí n gbé e fún òun, òun á sáré gbé e lọ bá àwọn ìyá náà. Mi ò mọ̀ ọ́n rí, mo di àpótí mọ́ra. Kò bínú. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀yìn aago náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó so àpótí mọ́ ẹ̀yìn máṣìnì, ó lọ.

Mo jókòó sábẹ́ igi ẹ̀mì pẹ̀lú aago yẹn lọ́wọ́. Kò pẹ́, àgbẹ̀ kan gun kẹ̀kẹ́ dé, ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìn rẹ̀. Kò béèrè ohun tó ṣe mí. Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti igi, ó kúnlẹ̀ sínú eruku, ó tú fáàfù mi, ó sì mú páálí ìṣáná kan jáde lápò. Rọ́bà fáàfù ló wà nínú rẹ̀. Ó fi eyín gé díẹ̀, ó tutọ́ sí i kó lè yọ̀, ó rọra tì í wọlé. À ń fẹ́ táyà lọ́wọ́ nígbà tí onímáṣìnì padà dé. Ó ní àpótí ti dé, wọ́n ti gbé e sí yàrá tó tutù. Mo dá aago rẹ̀ padà fún un. Mo mú owó jáde fún àwọn méjèèjì, wọn ò gbà. Àgbẹ̀ yẹn ní bí mo bá lówó lọ́wọ́, kí n lọ fi ra rọ́bà fáàfù sápò.

Mo rà á. Ìwọ náà, lọ ra ojú ṣéènì bíi mẹ́rin lọ́dọ̀ oníkẹ̀kẹ́ tó ń ṣe tìrẹ, jẹ́ kó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so ó, kí o dì wọ́n sínú ọ̀rá lábẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́. Ọ̀kan ni tìrẹ nínú wọn. Páálí ìṣáná tèmi wà lórí tábìlì bí mo ṣe ń kọ èyí. Rọ́bà méjì ló kù nínú rẹ̀. Mo fún ọmọ kan tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta búrẹ́dì ní ẹ̀kẹta níwájú ilé wa ní Sátidé tó kọjá.